Òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ̀dà 40, àmọ́ 20 ni mo kọ sísàlẹ̀ àwòrán: kí ni kí n ṣe?

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì (Òṣogbo), Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí: yàrá méjì ni mo gbà ní Òkè-Fìà, ibẹ̀ ni mo ti ń fín línò, ìyẹn pátákó rírọ̀ tí a ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán sí lójú, tí mo sì ń fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Àwòrán nìkan kò lè bọ́ wa, ká má parọ́, nítorí náà a tún ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, àmì ilé-iṣẹ́, báàgì aṣọ tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó, àti ohunkóhun tó bá ṣáà ti ní lẹ́tà lára.

Lọ́dún tó kọjá mo fín ìyá kan tó tẹ̀ ba sórí ìkòkò aró, apá rẹ̀ méjèèjì wọ inú aró dé ìgùnpá. Ẹ̀dà 20 ni mo tẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1/20, 2/20, títí dé 20/20, mo sì buwọ́ lù ú. ₦45,000 ni mo ń ta ẹyọ kan. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ, àmọ́ gbogbo rẹ̀ tà.

Ní báyìí, òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan l'Ékòó rí i lórí Instagram. Wọ́n fẹ́ 40, ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. ₦20,000 lẹ́yọ, ìyẹn ₦800,000. Pátákó línò náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi, ojú rẹ̀ ò tíì kú rárá. Ẹni tó ń bá wọn ra nǹkan sọ fún mi lórí fóònù pé, "Àǹtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, ta ni yóò mọ̀?" Owó ilé mi sì pé lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ńkọ́?

Ọmọ Ṣómólú, 9:31

Tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ṣómólú, 9:40

Kí wọ́n má bàa ní mo yájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, páálí oògùn, kò sí èyí tí mi ò tẹ̀ rí. Kò sí kọ́sítọ́mà kan tó bi mí pé mélòó ni mo ti tẹ̀ ṣáájú tirẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù kì í ka 1/20. Gba iṣẹ́, san owó ilé, kó o wá máa ro ìyókù nígbà tí ọkàn rẹ bá balẹ̀.

Olùkọ́Ọnà (Ìbàdàn), 10:22

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà kọ́ nìyí. Ẹni tó gba kàlẹ́ńdà mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló gbé irú rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ẹni tó san ₦45,000 fún àwòrán yẹn, nǹkan méjì ló rà: ìwé tó ní yíǹkì lára, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó fín in pé kò ní ju 20 lọ. Nọ́ńbà yẹn ni ìwé àdéhùn. Tó bá tẹ 40 lé e, a jẹ́ pé ó ti jẹ owó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ná, kò sì mú un ṣẹ.

Wọ́n lè má mú un láéláé o. Ṣùgbọ́n agbo àwọn tó ń ra àwòrán kò fẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn 20 yẹn lè lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì náà lọ́jọ́ kan, kó la ojú láàárọ̀, kó rí ìyá aláró rẹ̀ lókè tẹlifíṣọ̀n.

Gbénró, 10:35

Ẹ má bínú, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé 1/20 dára ju 20/20 lọ ni? Àti pé kí ló dé tí wọn ò kàn ya fọ́tò àwòrán náà, kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde?

Olùkọ́Ọnà, 10:51

Rárá, nọ́ńbà iwájú kì í ṣe ipò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tilẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra wọn la ṣe ń kọ ọ́. Ibi tó ti máa ń já mọ́ nǹkan ni ara awo bàbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha lásán: bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ojú ìlà rẹ̀ ń kú, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ló máa ń mú jù. Línò kì í tètè rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti fọ́tò, èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde, àwòrán àwòrán ni. Èyí tí a tẹ̀ láti ara línò, òun fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà, kò sí òmíràn níbì kan tí a lè pè ní ojúlówó rẹ̀. Fi àtàǹpàkò rìn lórí rẹ̀, wàá mọ ibi tí yíǹkì ti wúwo.

ÌyáAláró (Abẹ́òkúta), 12:08 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò mọ línò, adìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo mọ̀. Láyé àwọn ìyá wa, àwọn ọkùnrin ló máa ń gé bátànì sára páànù l'Abẹ́òkúta níbí. Obìnrin á gbé páànù lé aṣọ, á fi ẹ̀kọ ra á kọjá, aró ò ní lè wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Àwọn ará Ìbàdàn ní tiwọn, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ, wọ́n á máa fọwọ́ yà á. Páànù kan náà la ó máa lò títí yóò fi ya. Ẹnikẹ́ni kò kọ nọ́ńbà sí i, a ò sì rí ẹni tó bínú. Ẹni tó rí irú aṣọ rẹ̀ lára ẹlòmíràn lọ́jà, inú rẹ̀ á tilẹ̀ máa dùn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ mi l'Óṣogbo: ta ló ní kó kọ 20? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Tó bá fẹ́ tà á bí aṣọ, kó má kọ nọ́ńbà, kó sì gba owó aṣọ. Kò lè gba owó ohun tó níye, kó tún padà gba owó ohun tí kò níye lórí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ayọ̀_Peckham, 1:47

Màmá ti parí ẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní London níbí, ilé ìtẹ̀wé àjọni ni, à ń pín ẹ̀rọ lò ni. Tí ẹnì kan bá ti tẹ ẹ̀dà rẹ̀ pé iye tó sọ, ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà gbọọrọ méjì kọjá lójú pátákó náà, á wá tẹ ẹyọ kan pẹ̀lú ìlà yẹn lára, kó fi ṣe ẹ̀rí. Ó máa ń dunni wọ eegun. Mo ti rí ẹni tó sunkún nídìí ẹ̀.

Ìdí tí a fi ń ṣe é kò jìnnà. Rembrandt kú lọ́dún 1669. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà tí oníṣòwò kan ní Paris ṣì ń ti ara awo bàbà rẹ̀ tẹ àwòrán tà. Awo tàbí pátákó tí a ò bá pa, ẹlòmíràn lè wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ẹni.

Àwọn kan máa ń yí àwọ̀ padà, kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìtẹ̀jáde kejì nìyí. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ kò gbọ́ nǹkan kan nípa kejì nígbà tó ń sanwó.

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, 8:03 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ti mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé pátákó náà lé orí ẹsẹ̀. Yíǹkì dúdú ti gbẹ sínú gbogbo ìlà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìgùnpá òsì, ibì kan wà tí ọ̀bẹ ti yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sọ àpá yẹn di ẹ̀kán omi aró tó ta sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀dà 20 ló wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi, àti ẹ̀yin báyìí.

Màmá kan ló ra 14/20. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìgbà mẹ́ta ló san ₦15,000 kó tó pé. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, ó fi ìka tọ́ nọ́ńbà yẹn, ó ní, "Ṣé lóòótọ́, 20 péré?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ó ní ìyá òun gan-an ló jókòó síbẹ̀ yẹn.

Òun ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ₦800,000 ni o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọmọ Ṣómólú, 8:19

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rí ọkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká ṣírò, nítorí ibi tí iṣẹ́ mi mọ nìyẹn. Ìwé wo lo fi ń tẹ̀ ẹ́, èló? Ṣé férémù wà nínú ₦20,000 yẹn? Ta ló ń gbé e dé Èkó? Ìgbà wo ni wọ́n ń sanwó?

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, 8:33

Ìwé olówùú ni, ₦3,500 ẹyọ kan, àwọn tó ń ti òkè òkun kó o wọlé ni mo ń rà á lọ́wọ́ wọn. Káàdì tí wọ́n ń tà níbí máa ń pọ́n tó bá yá. Wọ́n ní kó wá pẹ̀lú férémù àti gíláàsì. Àwa la máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á sanwó ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tó bá dé.

Ọmọ Ṣómólú, 8:52

Háà. Ìwọ ọmọ yìí.

Férémù onígíláàsì, èyí tó kéré jù tí káfíńtà yóò bá ọ ṣe, ₦11,000. Ìwé ₦3,500. Yíǹkì, pẹ̀lú àwọn tó máa bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, fi ₦1,200 sí i. Mọ́tò tó máa gbé gíláàsì 40 láti Òṣogbo dé Èkó láìfọ́, ₦60,000, pín in sí 40, ₦1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦17,200. Ohun tó kù fún ọ lórí ẹyọ kan ni ₦2,800. Lórí 40, ₦112,000. Èèyàn mẹ́ta lẹ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó? Owó rẹ sì wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù kan gbáko.

Mo yí ohùn mi padà. Má tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe tìtorí nọ́ńbà o, iṣẹ́ yẹn ò lérè ni.

Gbénró, 8:55

Yéèpà.

Àkàndé Wẹ́lìdà (Iléṣà), 9:30

Mi ò mọ̀ nípa àwòrán, ìyàwó mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Kí lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́?

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, 9:37

Ẹ̀yìn ṣíbí igi ni, sà. Mo á fi rólà yí yíǹkì sórí línò, mo á tẹ́ ìwé lé e, mo á wá máa fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìṣẹ́jú 35 ni ẹyọ kan máa ń gbà. Ọrùn ọwọ́ mi ti ń ké.

Àkàndé Wẹ́lìdà, 9:58

Ìṣẹ́jú 35 lọ́nà 40, ó ju wákàtí 23 lọ, ṣíbí nìkan nìyẹn. Mo ti bá ẹnì kan ṣe ẹ̀rọ fún irú iṣẹ́ yìí rí. Irin férémù mẹ́rin tó nípọn, jáàkì tírélà kan láti ọjà Ládípọ̀, irin pẹlẹbẹ méjì, sípíríǹgì tó máa fa pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ padà. Ẹ fi jáàkì gbé e sókè, ó tẹ̀, ẹ tú u, ó sọ̀. Kò nílò iná ìjọba. Kí wẹ́lìdà yín ṣáà rí i pé irin òkè ò tẹ̀ kọrọdọ, torí tó bá tẹ̀, àwòrán ò ní jáde bákan náà níbi gbogbo.

ÌyáAláró, 10:12

Ṣíbí! Nínú adìrẹ Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Mápó sí, ṣíbí wà láàárín àwọn òpó náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ wá fi ṣíbí tẹ̀wé. Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Olùkọ́Ọnà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un, nítorí pátákó tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn. Ayọ̀ ní kí a fi ọ̀bẹ fa ìlà kọjá lójú rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tí a ti rí nílẹ̀ wa níbí. Bruce Onobrakpeya, tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ru van Rossem ará Netherlands ṣe n'Ìbàdàn lọ́dún 1963, kó àwọn pátákó línò tó ti fi tẹ̀wé tán, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ orí pákó, ó kùn wọ́n bí ìdẹ, ó sọ wọ́n di iṣẹ́ ọnà tuntun fúnra wọn. Pátákó ò lè tẹ̀wé mọ́, kò sì kú. Ọkùnrin yìí kan náà ni ásíìdì tí kò yẹ ba awo rẹ̀ jẹ́ lọ́dún 1967. Bó ṣe ń gbìyànjú láti fi gúlúù dí ihò rẹ̀ ló ti rí ọ̀nà ìtẹ̀wé tó wá di tirẹ̀, èyí tó ń pè ní plastograph.

Ẹ rántí o, olùkọ́ ilé ìwé ni ní St. Gregory's College l'Ékòó, láti 1963 títí di 1980. Káàdì ìgbéyàwó tí ẹ ń ṣe, kì í ṣe ìtìjú.

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, 7:44

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ káàdì yẹn! Lóṣù tó kọjá ni ọmọ iṣẹ́ mi fín orúkọ ìyàwó sára línò bí a ṣe ń kà á. Ó gbàgbé pé òdì la ń fín lẹ́tà. A tẹ báàgì 60 kó tó di pé mo wo ẹ̀yìn. Mo ṣì ń fi wọ́n ra tòmátì.

Ayọ̀_Peckham, 11:05

😂😂

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí màá ṣe rèé. Kọ̀wé sí wọn pé ìyá aláró ti tán, kó o sì sọ ìdí rẹ̀. Oníbàárà tó gbọ́n máa ń fẹ́ràn ìyẹn. Wá fín tuntun fún wọn, kékeré, má kọ nọ́ńbà sí i, buwọ́ lù ú lásán, kí wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń rà nìyẹn. Férémù, kí wọ́n ṣe é l'Ékòó fúnra wọn. Kí wọ́n san ju ìdajì lọ sílẹ̀ kó o tó ra ìwé.

Ka lẹ́tà wọn dáadáa o. Tó bá sọ pé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà di tiwọn, fa ìlà sí i. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, ìwé lẹni tó ra àwòrán rà. Tó ò bá fi ọwọ́ ara rẹ kọ ẹ̀tọ́ àwòrán náà fún un, ìwọ lo ni ín síbẹ̀.

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, 11:30

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ 9. Ẹ ṣeun o.

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 6:50 àárọ̀

Mo ní kí n wá ròyìn. Mo kọ̀wé sí wọn bí Ayọ̀ ṣe sọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò dáhùn, mo ti ń bá ara mi jà. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ẹni tó ń pè mí tẹ́lẹ̀ pè. Ó ní òun ò mọ̀ pé nọ́ńbà wà lára àwòrán, òun kàn rò pé fọ́tò ni.

A wá fẹnu kò sórí àwòrán kékeré mẹ́ta: ọwọ́ aláró, ìkòkò, aṣọ lórí okùn. Kò sí nọ́ńbà. ₦16,000 lẹ́yọ, láìsí férémù, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó sílẹ̀. Wọ́n yọ ìpínrọ̀ 9 kúrò. Àmọ́ kì í ṣe 40 mọ́. 24 ni wọ́n mú, yàrá 16 tó kù, wọ́n ní àwọn á tẹ nǹkan sórí fílẹ́ẹ̀sì. Ó dùn mí díẹ̀. Owó ilé ti jáde, ìyókù mo fi ra irin. Bọ̀dá Àkàndé ń bọ̀ wá wọn àyè jáàkì.

Ní ti pátákó ìyá aláró, mo gbé ọ̀bẹ lé e lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi kọ̀. Mo pe màmá 14/20, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní èló ni pátákó náà. Mo ní tó bá fẹ́ ẹ, mo gbọ́dọ̀ kùn ún ní ìdẹ kí ẹnikẹ́ni má lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ní kí n kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló tún máa san án.

Ìbéèrè tí mo bá wá gan-an lónìí: òjò yìí ò dá. Ẹ̀dà 24 wà lórí okùn pẹ̀lú ìhámọ́ aṣọ láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà nìyí, yíǹkì epo náà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kó wọn lọ. Ṣé mo lè gbé wọn sójú oòrùn tó bá yọ?

Ọmọ Ṣómólú, 7:02

Rárá o! Ìwé á ká. Ṣí fèrèsé méjèèjì, gbé fáànù sí ìkángun yàrá, kó máa fẹ́ kọjá lábẹ́ wọn, má jẹ́ kó dojú kọ wọ́n. Má kó wọn léra wọn láìfi ìwé pẹlẹbẹ sáàárín. Èyí tó kù lágolo, mo ní ohun tí a ń kán sí yíǹkì kó lè tètè gbẹ, bíńtín báyìí. Òṣogbo ni mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ìsìnkú kan, màá mú un dání. Kí lorúkọ àdúgbò yín lẹ́ẹ̀kan sí i?

Àtẹlẹwọ́Yíǹkì, 7:05

Òkè-Fìà, sà. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ pè mí. Àmàlà wà.